Iná tí kò gbọdọ̀ kú ní yàrá ìgbẹ̀bí: ìdáhùn sí màmá nọ́ọ̀sì kan ní Ìyàgbà

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó wá dá ilé ìgbẹ̀bí kékeré sílẹ̀ ní ìtòsí Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀:

“Ọ̀gá oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìgbẹ̀bí mi ò ju yàrá márùn-ún lọ. Mo ní ìnfátà kan àti bátìrì 100Ah kan. Òun ló ń gbé fíríìjì, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo gílóòbù. Lóṣù tó kọjá, ní aago méjì òru, NEPA mú iná nígbà tí orí ọmọ ti ń yọ. Ìnfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi kú. Iná fóònù ni ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ tàn sí mi títí ọmọ fi wálẹ̀. A dúpẹ́, ara ìyá le, ara ọmọ le. Bátìrì yẹn kò tíì pé ọdún méjì. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá ní kí n ra òmíràn, kí wọ́n so ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Rìwáyà àdúgbò wa ní jẹnẹrétọ̀ ni kí n rà. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Owó èso kajú ni mo ní lọ́wọ́, kò sì pọ̀.”

Okun o, màmá. Ẹ kú ewu òru ọjọ́ yẹn. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò sí nínú èyí tí àwọn méjèèjì dá lábàá. Ẹ yọ iná yàrá ìgbẹ̀bí kúrò lára ìnfátà pátápátá. Ẹ fún un ní bátìrì tirẹ̀, wáyà tirẹ̀ àti páńẹ́ẹ̀lì sólà kékeré tirẹ̀. Kí fíríìjì má jẹun nínú abọ́ yẹn, kí tẹlifíṣọ̀n má jẹ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ki ṣájà fóònù bọ̀ ọ́.

Ẹ má ra bátìrì tuntun so mọ́ ògbólógbòó. Èyí tó ti gbó kò lè gba iná dúró mọ́, nítorí náà èyí tuntun ni yóò máa bọ́ ọ tọ̀sán-tòru, kò sì ní pẹ́ tí àwọn méjèèjì yóò fi di ẹgbẹ́. Owó kajú yín á ti lọ, ẹ ó sì tún padà sídìí iná fóònù.

Ọjọ́ orí kọ́ ló pa bátìrì yẹn, màmá. Ebi ló pa á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. W (wáàtì) ni bí nǹkan ṣe ń jẹ iná tó, V (fóòtì) ni agbára tó ń ti iná, A (ámípù) ni bí iná ṣe ń ṣàn tó, Ah sì ni iye iná tí bátìrì lè gbà pamọ́. Fíríìjì kékeré a máa gba nǹkan bíi 100W nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Fáànù méjì, 120W. Tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú gílóòbù, ká pè é ní 80W. Ó di 300W. Ìnfátà fúnra rẹ̀ náà ń jẹ tirẹ̀: nínú ohun tó ń gbà lọ́wọ́ bátìrì, bíi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń di ooru dànù. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a sì fi 12 pín in, ohun tó ń jáde lára bátìrì 12V yín á tó 29A. Bẹ́ẹ̀, bátìrì olásíìdì tí wọ́n kọ 100Ah sí lára, ìdajì rẹ̀ péré ló yẹ ká máa lò bí a bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ wa. Wákàtí kan àtààbọ̀ sí méjì, ìdajì yẹn ti tán.

Ọ̀nà tí ẹ gbà ń dá a padà ló wá burú jù. Ṣájà inú ìnfátà kékeré sábà máa ń fún bátìrì ní bíi 10A. Láti dá 50Ah padà, ó máa gbà ju wákàtí márùn-ún lọ dáadáa, torí bí bátìrì bá ti ń súnmọ́ àtikún, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbà á, bí ọmọ tó ti fẹ́ yó. Ẹ̀yin náà mọ iye wákàtí tí NEPA ń dúró lọ́dọ̀ yín. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò ní tó mẹ́ta, tí èyí tí wọ́n bá sì mú wá kò ní lágbára. Bátìrì yín ń jẹun àárọ̀, kì í jẹ tọ̀sán, wọ́n sì ń gbé e lọ sóko lójoojúmọ́.

Nínú bátìrì olásíìdì, òjé ni àwọn pẹ́ẹ̀tì (àwo pẹlẹbẹ) tó wà níbẹ̀. Nígbà tí iná bá ń jáde, ohun funfun kan bí iyọ̀ a máa bo ara òjé náà. Bí a bá tètè bọ́ bátìrì yó, iyọ̀ yẹn á yọ́ padà sínú ásíìdì. Bí a bá fi sílẹ̀ lébi lọ́sẹ̀ méjì, mẹ́ta, iyọ̀ á gan, á le, bí iyọ̀ tó dì sínú ìgò nígbà òjò. Èyí tó bá ti le báyìí kì í yọ́ mọ́, apá òjé tó bò sì ti di òkú. Ìdí nìyẹn tí mítà tí a fi ń wọn bátìrì fi lè sọ pé ó kún, síbẹ̀ tí kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Èmi náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó dùn mí dọ́kàn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, mo ṣe iná fún ilé ìwòsàn kan ní apá Ìjùmú. Ìnfátà ńlá, bátìrì mẹ́rin, wáyà tó dúró déédéé. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Gbogbo ilé ni mo so mọ́ ọn, títí kan yàrá ìgbẹ̀bí. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, òṣìṣẹ́ kan ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn sì ti gbé kẹ́tùlù kaná. Ẹrù pọ̀ jù fún ìnfátà, ló bá pa gbogbo ilé. Mátírọ́ọ̀nù wà lẹ́nu rírán ojú egbò ìyá ọmọ. Wọ́n fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, wọ́n sì rán an tán. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọn ò bú mi. Wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì náà lé mi lọ́wọ́. Ojú eyín hàn lára ike rẹ̀, mẹ́ta lókè, méjì nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò so iná tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́ pọ̀ mọ́ iná tí a fi ń gbádùn.

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn oníná ní Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin, wọ́n lè na ọwọ́ sí àpótí funfun kan tó ní iná méjì lórí bí ojú òwìwí, kí wọ́n ní èyí gan-an ni ẹ ń wá. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Òfin ààbò iná ní Amẹ́ríkà ní kí irú iná bẹ́ẹ̀ tàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 tí iná bá lọ, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú 90. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 3 ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ìdí tó fi mọ bẹ́ẹ̀ ni pé iná tí èèyàn fi ń sá jáde nínú ilé ni: kí gbogbo ènìyàn rí ọ̀nà, kí wọ́n bọ́ síta, ó tán. Ìyá tó ń rọbí kò ní ibi tó ń sá lọ. Iná tiyín, iná tí a fi ń dúró ṣiṣẹ́ ni, ó sì gbọ́dọ̀ tàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wákàtí 12 ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, láti aago mẹ́fà àtààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́fà àtààbọ̀ òwúrọ̀.

Ẹ wo bó ṣe kéré tó. Gílóòbù LED 12V oní-9W méjì fún yàrá ìgbẹ̀bí: 18W. Oní-3W méjì fún ọ̀nà àárín ilé: 6W. Oní-3W kan lẹ́nu ilẹ̀kùn àbájáde, òmíràn níbi tí oògùn àti omi gbígbóná wà: 6W. Àpapọ̀ rẹ̀ 30W. Lórí bátìrì 12V, 2.5A nìyẹn. Wákàtí 12 á jẹ 30Ah. Tí bátìrì bá jẹ́ olásíìdì, tí a fẹ́ lo ìdajì rẹ̀, 60Ah ló yẹ, nítorí náà 75Ah tó, 100Ah sì fi ààyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí òjò bá ṣú láti àárọ̀ dalẹ́. Tí ẹ bá ní agbára lítíọ́mù, irú èyí tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára, 50Ah á gbé e dáadáa, torí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú rẹ̀ la lè lò láìpa á lára. Àwọn gílóòbù yìí ń mu láti ara bátìrì tààrà. Kò sí ìnfátà láàárín wọn, nítorí náà kò sí ìnfátà tí yóò bàjẹ́.

Gílóòbù méjì inú yàrá ìgbẹ̀bí, ẹ má kó wọn síbì kan. Ọ̀kan sí apá ọ̀tún ibùsùn, ọ̀kan sí apá òsì, díẹ̀ níwájú ibi tí ẹ máa ń dúró sí. Bí iná kan ṣoṣo bá wà lókè orí yín, òjìji orí yín gan-an ló máa bo ibi tí ẹ ń wò. Ẹ ra aláwọ̀ funfun, kí ẹ wò ó lára páálí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ Ra 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé àwọ̀ ohun tó bá tàn sí yóò hàn bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀yin lẹ mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ: ètè ọmọ tó ń di aró àti ètè ọmọ tó pọ́n dáadáa gbọ́dọ̀ yàtọ̀ lójú yín.

Ohun kan wà tó ti jó gílóòbù púpọ̀ níná. Gílóòbù 12V jọ ti 220V bí ìbejì. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ṣàṣìṣe kan gílóòbù 12V mọ́ ojú iná NEPA, á fọ́ tàbí kó jó. Tí gílóòbù inú ilé yín bá jẹ́ oní-pín, ẹ jẹ́ kí gbogbo ojú gílóòbù 12V jẹ́ èyí tí a ń lọ́ wọlé, kí ọ̀kan má lè wọ ilé ẹnìkejì. Kí oníná sì fi ọ̀dà pupa kun etí ojú gílóòbù náà.

Wáyà ńkọ́? Bàbà gidi, 2.5mm². Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé iná náà kéré, kí wọ́n wá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é. Ní 220V, èèyàn lè pàdánù fóòtì kan lójú ọ̀nà kó má mọ̀. Ní 12V, ó hàn. Tí wáyà 2.5 bá gùn tó mítà 10 láti bátìrì, tí 2A sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà kò ju bíi 0.3V lọ. Tí wọ́n bá lo èyí tó fi ìdajì tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ìlọ́po méjì ìyẹn ló ń sọnù. Tí ó bá wá jẹ́ irin tí wọ́n fi àwọ̀ bàbà bò, ẹ fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀ díẹ̀ wò: bó bá funfun nínú, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Fíùsì ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé oníná lórí fún, kí ẹ má gba àwáwí kankan. Ó gbọ́dọ̀ wà lára wáyà pupa, kó má jìnnà ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí orí bátìrì. 10A tó fún gbogbo rẹ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀, 3A. Àwọn èèyàn máa ń rò pé 12V ò lè ṣe nǹkan kan torí pé kì í gbọ̀n ènìyàn. Mo ti rí i tí sípánà já bọ́ sórí ojú bátìrì méjèèjì: ó tàn yànrànyànràn, sípánà lẹ̀ mọ́ òjé, ó sì pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámípù ni bátìrì ńlá lè tú síta lẹ́ẹ̀kan náà bí kò bá sí fíùsì tó dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan bátìrì, kó bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí iná náà ṣe máa tàn fúnra rẹ̀ kò le. Rílè kan ni, èyí tí wọ́n ṣe fún 220V. Ó dà bí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú: níwọ̀n ìgbà tí NEPA bá wà, ilẹ̀kùn wà ní títì, bí NEPA bá ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ tú, ilẹ̀kùn ṣí, iná bátìrì sì dé ojú gílóòbù kí ẹ tó gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ibi tí rílè ti ń gba NEPA tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníná ti ń ṣìṣe. Wọ́n á so ó mọ́ ibi mítà lóde. Bí bírékà yàrá ìgbẹ̀bí nìkan bá wá já, NEPA ṣì wà lóde, rílè á rò pé kò sí nǹkan kan, ẹ̀yin á sì wà nínú òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ojú ilà gílóòbù NEPA ti yàrá ìgbẹ̀bí gan-an, lẹ́yìn bírékà tirẹ̀, ṣáájú súwíìṣì ara ògiri. Ohunkóhun tó bá pa ilà yẹn, ìbáà ṣe NEPA, ìbáà ṣe bírékà, rílè á mọ̀.

NEPA tiwa tún ní ìwà kan. (NEPA ti di PHCN láti 2005, wọ́n sì ti pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é ní nǹkan mìíràn?) Ìgbà mìíràn kì í lọ pátápátá, ńṣe ló máa ń rọlẹ̀. Gílóòbù á máa ṣẹ́jú, fáànù á máa yí bí ẹni tí oorun ń kùn, síbẹ̀ rílè á ṣì di ilẹ̀kùn mú torí pé ohun tó rí tó o. Nítorí náà kí súwíìṣì ọwọ́ kan wà tó ń fo rílè kọjá, tó ń tan iná bátìrì tààrà, NEPA wà tàbí kò sí. Ẹ ra súwíìṣì ojú gbòòrò, kí ẹ kàn án mọ́ ògiri ní gíga ìgúnpá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìgúnpá ni ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, kò yẹ kó máa wá súwíìṣì kiri ara ògiri.

Ibi tí bátìrì máa gbé: kì í ṣe inú yàrá ìgbẹ̀bí, kì í sì í ṣe yàrá ẹrù abẹ́ páànù tó ń gbóná bí ààrò ní oṣù kejì àti ẹ̀kẹta. Ooru ń jẹ bátìrì olásíìdì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Bí ibi tó wà bá fi bíi 10°C gbóná ju 25°C lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì. Ẹ wá ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í bá. Bátìrì olómi tún máa ń tú haidirójìn sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ tó máa ń gbòkè ni, tí ó bá sì ti tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá, ìtànṣán kékeré lè mú un bú gbàù. Ẹ jẹ́ kí ihò wà lókè àti nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bo àwọn ihò náà torí eku àti ọmọńlé. Ọmọńlé ni mo bá ní gbígbẹ nínú ọ̀pọ̀ ìnfátà tí wọ́n ní ó kú láìsí ìdí: ooru ibẹ̀ ló wá yá, ìrù rẹ̀ kan ojú méjì. Kí àtùpà àti sìgá jìnnà síbẹ̀, kí sílíńdà ọ́síjìn náà sì jìnnà.

Wọ́n á sọ fún yín pé bátìrì tó bá jókòó lórí símẹ́ńtì máa ń sọ agbára rẹ̀ nù. Ìgbà tí ara bátìrì jẹ́ igi àti rọ́bà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ike òde òní kì í jò bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣì gbé e lé pákó o, torí omi òjò àti ìgbálẹ̀.

Páńẹ́ẹ̀lì sólà 150W kan tó. Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn tó múná dóko bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni ká fi ṣírò lóòjọ́, ó sì ń dín kù sí i ní oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń dí. Tí a bá tiẹ̀ ka mẹ́rin, tí a yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, eruku àti wáyà, 450Wh (W ìlọ́po wákàtí) ló kù, gbogbo òru yín kò sì ju 360Wh lọ. Kó kọjú sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, bí ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ẹ̀ka máńgòrò kékeré tó bá ṣíji bo igun rẹ̀ kan lè gba apá púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, kí ẹnìkan fi omi lásán nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní kùtùkùtù, kó tó gbóná.

Kọ̀ńtírólà, ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì, ló wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Bátìrì ni wọ́n ń kọ́kọ́ so mọ́ ọn, páńẹ́ẹ̀lì ló ń kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, páńẹ́ẹ̀lì ni kó ṣáájú. Kí oníná yan irú bátìrì tí ẹ rà nínú rẹ̀: olásíìdì ń fẹ́ bíi 14.4V nígbà ìjẹun, kó wá sinmi sí bíi 13.6V. Ó tún ní ibi tó ti ń pa iná kí bátìrì má bàa gbẹ. Ní ilé gbígbé, mo máa ń fi sókè. Ní yàrá ìgbẹ̀bí, mo máa ń gbé e wálẹ̀ sí 11.5V, nítorí bí ó bá di pé ọmọ ń bọ̀, kí bátìrì jìyà, kí ìyá má jìyà. Ẹ kàn kọ́ àwọn ọmọ yín láti wo ojú rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́: bó bá ti wá sí 12.2V, kí wọ́n pa iná ọ̀nà àárín ilé, kí ti yàrá ìgbẹ̀bí nìkan kù.

Ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa, àpáta pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pá bàbà tí a ń gbá mọ́lẹ̀ nítorí àrá kì í sábà wọlé ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ kó tó kan òkúta, oníná á sì gé èyí tó kù dànù láìsọ. Ẹ má gbà. Kó gbẹ́ kòtò gígùn, kó tẹ́ bàbà náà síbẹ̀ ní ìbùú, kó bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí omi ìfọṣọ máa ń dà sí kí ilẹ̀ náà lè tutù tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Lára rẹ̀ ni kó so irin páńẹ́ẹ̀lì mọ́.

Ní ti ríra: ẹ mú mítà dání lọ. Bátìrì olásíìdì tuntun tí kò bá tó 12.6V ti jókòó lébi pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, iyọ̀ ti ń le nínú rẹ̀. Ẹ gbé e wò pẹ̀lú. 100Ah olásíìdì gidi a máa wúwo tó kílò 28 sí 30. Èyí tí ọmọbìnrin kan lè fi ọwọ́ kan gbé, irọ́ ni nọ́ńbà ara rẹ̀. Ẹ má ra tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ olómi, omi bátìrì nìkan ni kí ẹ máa fi kún un lóṣooṣù, kó bo pẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe ásíìdì. Èyí tó ti kú, ẹ gbé e fún ẹni tó tà á fún yín, kó má bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń yọ́ òjé lẹ́yìnkùlé. Májèlé ni òjé, àwọn ọmọdé ló sì ń pa lára jù.

Jẹnẹrétọ̀ tí rìwáyà sọ kò burú fún fíríìjì. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ dìde, kó sáré jáde nínú òjò, kó fà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, láti 2023 ni gbogbo wa sì ti mọ iye tí epo ń jẹ́. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tó ń pa ènìyàn láìní òórùn tí a lè fi mọ̀ ọ́n. Kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé ibi tí ọmọ tuntun wà.

Ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù. Ẹ lọ pa bírékà yàrá ìgbẹ̀bí, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Iná bátìrì gbọ́dọ̀ tàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú kọ̀ńtírólà sínú ìwé, ẹ jẹ́ kó tàn fún wákàtí kan, ẹ tún kọ ọ́. Ìwé náà ni yóò sọ fún yín pé bátìrì ń darúgbó ṣáájú kó tó já yín kulẹ̀: bí ti oṣù kìn-ín-ní bá wà ní 12.5 lẹ́yìn wákàtí kan, tí ti oṣù kejìlá wá di 12.1, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó fi owó kajú ọdún tó ń bọ̀ rà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jẹ́ kó tàn mọ́jú.

Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì, fíùsì, wáyà, gílóòbù méjèèjì inú yàrá ìgbẹ̀bí àti súwíìṣì ìgúnpá ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ lè fi ṣájà NEPA lásán bọ́ bátìrì náà títí páńẹ́ẹ̀lì àti kọ̀ńtírólà yóò fi dé. Ìnfátà kò lọ́wọ́ sí i. Rílè lè tẹ̀lé e lóṣù kejì. Ṣùgbọ́n lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ rán ọmọ lọ sọ́jà kó ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́rí, méjì. Ẹ gbé ọ̀kan kọ́ sára ibùsùn, ọ̀kan sára ilẹ̀kùn. Nígbà tí ẹ bá sì dé ṣọ́ọ̀bù bátìrì, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi nọ́ńbà tí mítà bá sọ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó. Màá dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀.